Ìbéèrè Iye Tí Mo Kọ́ Àǹtí Mi

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ àǹtí mi ní èdè Tọ́kì ni kaç. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni mélòó. Pálọ̀ wa ní Ìgàndò la jókòó sí, iná ti lọ láti àárọ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń wọlé tọ̀ wá. Èdè wa ò ní ìró tí ọ̀rọ̀ yẹn fi parí. Mo ní kí wọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín, tí sísín náà wá pa dà sínú. Wọ́n ṣe é. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, gbójú sókè láti orí ilẹ̀ tó ti ń ṣeré.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì."

"Mi ò sín. Èdè Tọ́kì ni mò ń sọ."

"Tọ́kì tí wọ́n ń dín ní Ìkòtún?"

"Dìde níbẹ̀, jàre."

Èmi kì í ṣe olùkọ́ èdè. Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì. Mo fi odidi ọdún kan kọ́ èdè Tọ́kì lórí fóònù nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan tí mo fẹ́ gbà níbẹ̀. Mo rò pé bí mo bá gbọ́ èdè wọn díẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ dénú. Wọn ò mú mi, wọn ò sì sọ ìdí. Èdè náà wá kù sí mi lọ́wọ́ bíi kọ́kọ́rọ́ ilé tí ìjọba ti wó. Mi ò lè sọ ọ́ nù, mi ò sì rí ilẹ̀kùn tí mo lè fi ṣí.

Àbúrò ìyá mi ni àǹtí mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wá gbé nígbà tí mo wọ yunifásítì. Mo jáde tán, mi ò ríṣẹ́, mo sì ṣì wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, níbi tí àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti ń gbé ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n sì ń padà wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ni ibẹ̀ kó lọ sí Kánádà. Ó ta ilé náà, ẹni tó rà á sì ń kó táìsì ilẹ̀ síbẹ̀ títí di òní. Àǹtí mi gbìyànjú láti ta bàtà ọmọdé, wọ́n gbìyànjú láti ta ọṣẹ. Kò bọ́ sí i. Ọmọ títọ́jú nìkan niṣẹ́ tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n débi pé bí ọmọ bá ń ké lójú pópó, wọ́n á sọ fún mi bóyá ebi ni tàbí oorun, kí ọmọ náà tó kọjá wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Tọ́kì ti wá nìyẹn. Èjẹ́ńtì kan tó ní ọ́fíìsì lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá sọ fún wọn pé ìdílé kan ní Ìsítáńbùlù ń wá obìnrin tí yóò máa gbé pẹ̀lú wọn, tí yóò máa tọ́jú ọmọ wọn. Ìyàwó ilé náà àti ọkọ rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó ló máa ń wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èdè Tọ́kì nìkan sì ni ìyá àgbà náà gbọ́. Ó ti sọ pé òun ò ní gbé ọmọ-ọmọ òun lé ọwọ́ ẹni tí kò lè béèrè iye ìgbà tó ti mu mílíìkì. Ìdílé náà máa pè lórí fídíò kí ìyá àgbà náà lè bá àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Èèyàn méjì ni èjẹ́ńtì náà fẹ́ gbé síwájú wọn, àǹtí mi àti obìnrin kan láti Ayọ̀bọ̀. Ẹni kan ni wọ́n máa mú.

"Ìbéèrè nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́, Màmá," ni èjẹ́ńtì náà wí. "Ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú ìtàn. Mélòó, mélòó. Iye ni ẹni tó ń tọ́mọ máa ń béèrè." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, Tíṣà, ó ti dọwọ́ ẹ."

Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà, nítorí náà mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa kí n tó gbà á. Òótọ́ ló sọ. Mo bi àǹtí mi léèrè ohun tí wọ́n máa ń sọ bí ìyá kan bá gbé ọmọ rẹ̀ dé jẹ́lé-ó-sinmi láàárọ̀. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n sì kà á fún mi. Oṣù mélòó ni? Ìgbà mélòó ló ń jẹun lójúmọ́? Ògì tí ẹ fún un láàárọ̀ pọ̀ tó báwo? Wákàtí mélòó ló máa ń sùn? Bí ẹ bá yọ iye kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ohun tó kù ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàbọ̀ lọ.

Bí mo ṣe kọ́ wọn rèé. Kaç ni èèyàn máa lò fún ohun tó ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ, oṣù, wákàtí, èèyàn. Ne kadar wà fún ohun tí a máa ń wọ̀n, tí a kò lè ṣà níkọ̀ọ̀kan, bíi mílíìkì, iyọ̀ àti omi. Ne kadar yẹn kan náà ni wọ́n fi ń béèrè eélòó lọ́jà. Àǹtí mi ní ìyẹn ò ṣòro, pé àwa náà ò ní béèrè pé omi mélòó, àfi tó bá jẹ́ omi inú ọ̀rá. Mo sọ fún wọn pé bí kaç bá ti wà níwájú ọ̀rọ̀, a ò ní fi àmì ọ̀pọ̀ kún ọ̀rọ̀ náà mọ́. Çocuk ni ọmọ. Kaç çocuk, ọmọ mélòó, ó parí. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fẹ́ kéèyàn yí ọ̀rọ̀ padà nítorí pé ó ti ju ẹyọ kan lọ.

"Wọ́n jọ wá," ni àǹtí mi wí.

"Níbi eléyìí."

"Ìwọ náà, o kì í gbà fún èèyàn tán. Mo ní wọ́n jọ wá."

Ohun tó fẹ́ ṣòro díẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ìbéèrè máa ń wà. Tiwa, a máa ń gbé mélòó síwájú. Àwọn ará Tọ́kì ń fi kaç sílẹ̀ síbi tí ìdáhùn máa wà gan-an. Evde kaç kişi var? Nínú ilé, èèyàn mélòó, ó wà. Bí ẹ bá fẹ́ dáhùn, ẹ ò ní yí nǹkan kan padà, ẹ kàn máa yọ kaç kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà jókòó síbẹ̀. Mo fi àga pálọ̀ wa ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo jókòó, mo ní èmi ni kaç, mo dìde, mo ní kí ọmọ kékeré wá jókòó, òun ni mẹ́rin. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú un láti ọjọ́ náà lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ nídìí ààrò, wọ́n ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀. Saat kaç, agogo mélòó ló lù. Bebek kaç aylık, ọmọ náà ti tó oṣù mélòó. Nọ́ńbà ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ dá wọn lójú, nítorí náà a kà á dé mẹ́rìnlélógún, tí í ṣe iye wákàtí tó wà nínú ọjọ́.

Ìbéèrè kan wà tí mo mọ̀ pé ìyá àgbà náà máa béèrè. Mi ò lè fò ó. Ìyá tó bá fẹ́ gbé ọmọ fún àlejò máa fẹ́ mọ̀ bóyá àlejò náà bímọ rí. Mo sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín àwọn ìbéèrè mìíràn, kó má baà dá dúró. Kaç çocuğunuz var? Ọmọ mélòó lẹ ní?

Àǹtí mi dìde, wọ́n lọ wo ẹ̀wà tí wọ́n gbé kaná. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ìtìjú ni. Ọmọ mẹ́ta ni àǹtí mi bí. Àkọ́bí wọn, ọmọkùnrin, fi ọdún díẹ̀ kéré sí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé yìí, yàrá rẹ̀ ni wọ́n fún mi, òun sì kó lọ sùn sí pálọ̀ láìráhùn, àfi pé ó máa ń kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ láti wá mú bàtà rẹ̀, á sì wí pé, "Onílé mi, ẹ jọ̀ọ́." Ibà mú un lọ́dún kan tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé ilé ìwòsàn. Kò bá wa padà wálé.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Àwọn àbúrò ọkọ àǹtí mi ló gbé e lọ, àwọn nìkan ló mọ ibẹ̀, wọn ò sì ní sọ ọ́ láéláé. Ní àdúgbò wa, orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe ìyá. Orúkọ ọmọ yẹn ni wọ́n fi ń pe àǹtí mi láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹlẹ́ran mọ̀ ọ́n, àwọn ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n tún jáde síta lẹ́yìn ọ̀fọ̀, orúkọ ọmọ kejì, ọmọbìnrin, ni gbogbo ẹnu ń pè. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Mo gbà pé àánú ni. Mo tún gbà pé lọ́jọ́ tí àánú yẹn bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ ọmọ náà kúrò lójú títì. Àwọn tó wá kí wa sì ń wí pé Ọlọ́run á dá ìyókù sí. Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Èèyàn ò lè sọ ìyókù láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ yọ nǹkan kúrò.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, mo sì kà á mọ́ ìgbàgbọ́ àtijọ́ tí kò ní ẹ̀rí. Ilé àǹtí mi ni mo ti rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lọ, kò sí ẹnì kan tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ojú wọn kó sì béèrè iye. Nítorí náà kò sí ọjọ́ tí wọ́n ní láti fi ẹnu ara wọn pe mẹ́ta ní méjì. Kò sí sàréè tí wọ́n lè lọ wò, kò sí orúkọ, iye yẹn nìkan ló kù níbi tí ọmọ náà ṣì wà. Èmi ni mo wá mú èdè kan wọlé tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ bí ẹni ń béèrè agogo.

Èjẹ́ńtì náà ti gbọ́ ìtàn ọmọ yẹn lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó pè wá lórí fóònù.

"Màmá, bí wọ́n bá béèrè iye ọmọ, ẹ sọ pé méjì. Mo ti sọ méjì fún wọn. Àwọn tó wà láyé ni wọ́n ń béèrè, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Mo gbọ́," ni àǹtí mi wí.

Lẹ́yìn ìpè náà mo gbìyànjú láti fi èdè náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ní var tó wà ní ìparí ìbéèrè náà túmọ̀ sí ó wà. Mo ní nípa ti èdè, méjì ni ìdáhùn tó tọ́, kì í ṣe irọ́, kò sì sọ ohunkóhun nípa ẹni tí kò sí mọ́.

Wọ́n ń ká aṣọ. Wọn ò gbójú sókè.

"Ta ló sọ fún ọ pé kò sí?"

Mo bá wọn ká aṣọ tó kù. Àmọ́ nígbà tí mo tún bi wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n dáhùn. İki, ni wọ́n wí, méjì. Wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Wọ́n ń sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni ń gbé oògùn mì. Mo rò pé ó ti bọ́ sí i.

Ọ̀sán ni ìpè náà wáyé, ní ọ́fíìsì èjẹ́ńtì ní Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí pé iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àǹtí mi wé ìborùn aláwọ̀ eérú tí wọ́n máa ń wé lọ kí ìrun ọdún. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí mi, èjẹ́ńtì sì dúró sẹ́yìn fóònù. Ìyá àgbà náà yọ, ó tóbi, ó ní ìborùn bíi tiwa, ọmọ náà wà lórí itan rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, ìyá ọmọ náà, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo nǹkan mìíràn lórí fóònù tirẹ̀.

Mi ò ní fi àbùmọ́ kún un. Àǹtí mi ṣe dáadáa. Wọ́n kí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè é. Bebek kaç aylık? Oṣù márùn-ún. Günde kaç kere süt içiyor? Ìgbà mélòó ló ń mu mílíìkì lójúmọ́? Ne kadar? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ìyá àgbà náà gbé ìgò ọmọ náà sókè, ó fi ìka hàn wọ́n ibi tí mílíìkì máa ń dé. Gece kaç saat uyuyor? Wákàtí mélòó ló ń sùn lóru? Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ojú bí ẹni tí kò rí oorun sùn, ó sì ń sọ pé az, az, díẹ̀ ni. Àǹtí mi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àǹtí mi sì fọwọ́ pa ikùn ara wọn yípo láti fi han ìyá àgbà pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú ọmọ náà. Ìyá àgbà náà gbé ọmọ lé èjìká, ó gbá a lẹ́yìn, ọmọ náà gùnfẹ̀, ó sì dákẹ́. Èjẹ́ńtì na àtàǹpàkò sí mi. Ọmọbìnrin náà ti fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo àǹtí mi.

Ìyá àgbà náà bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ẹ̀rín lójú, bí àwọn obìnrin méjì ṣe máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ti ń di ọ̀rẹ́. Ó pe àǹtí mi ní kızım, ọmọ mi. Kaç çocuğun var, kızım?

"Üç," ni àǹtí mi wí. Mẹ́ta.

Èjẹ́ńtì mi orí. Ìyá àgbà náà ní maşallah, ó tún béèrè èyí tó máa ń tẹ̀ lé e. Kaç yaşındalar? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?

"On üç," ni àǹtí mi wí, mẹ́tàlá, ìyẹn ọmọbìnrin. "Yedi." Méje, ìyẹn ọkùnrin kékeré. Wọ́n sì dúró.

Wọn ò sunkún. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń ka èyí, nítorí pé èjẹ́ńtì náà sọ fún àwọn èèyàn lẹ́yìn náà pé wọ́n sunkún. Ńṣe ni wọ́n la ẹnu tí nọ́ńbà kankan ò sì jáde. Èjẹ́ńtì náà na ìka sí mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ fi eléyìí kún un. Ẹ ní òun ni. Ó kúkú wà nílé yín, ó ti tó bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà. Ẹ fà á wá síbi kámẹ́rà."

Àǹtí mi yíjú kúrò lára fóònù. Ohùn wọn ò lọ sókè.

"Ẹ ò ní fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí ipò yẹn lójú mi."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Kò yé èjẹ́ńtì náà, tàbí ó yé e tí kò kà á sí. Ìjókòó tí kò ní ẹnìkan lórí nínú ìdílé, tí ikú ti dìde kúrò níbẹ̀, a kì í ti ọmọ ọlọ́mọ tó wà láàyè síbẹ̀, ìbáà ṣe lẹ́nu lásán. Èmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ka kẹ́mísìrì, mi ò gbà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ sí Ìsítáńbùlù lè pa mí. Ṣùgbọ́n àǹtí mi gbà á gbọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù láyé tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe wà nínú fóònù yẹn. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn kúrò níbi tí kámẹ́rà lè dé.

Lẹ́yìn náà wọ́n na ìka sókè ọ̀run fún ìyá àgbà náà. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ó yé ìyá àgbà náà. Ó fọwọ́ lé àyà, ó ní başın sağ olsun, ohun tí wọ́n fi ń kí ọlọ́fọ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí mo ti pàdé rí lórí fóònù mi. Mi ò rò pé òun ló kọ̀ wọ́n. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá èjẹ́ńtì sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó béèrè ìdí tó fi sọ méjì fún àwọn, tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ sì ń sọ mẹ́ta. Èjẹ́ńtì ní ìṣòro èdè ni. Ó ní àǹtí mi ò gbọ́ ìbéèrè náà. Èmi tí mo kọ́ wọn jókòó síbẹ̀, àǹtí mi tó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà jókòó síbẹ̀.

"Màmá, nọ́ńbà kan péré," ló wí nígbà tí ìpè náà parí. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé e sọnù o, ẹ má bú mi."

"Mi ò bú yín," ni àǹtí mi wí. Wọ́n ká ìborùn wọn, a sì sọ̀kalẹ̀.

Obìnrin Ayọ̀bọ̀ ni wọ́n mú. Mi ò mọ ìdí, nítorí náà mi ò lè sọ ọ́. Ó lè jẹ́ nítorí pé méjì àti mẹ́ta ò bára mu, tí wọ́n sì rò pé a fẹ́ fi ọmọ kan pamọ́ fún wọn. Ó lè jẹ́ pé obìnrin kejì ṣe dáadáa jù wá lọ, mi ò sí níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ jáde, pé ìyá ọmọ náà ò fẹ́ kí ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ máa gbé tirẹ̀. Ẹ̀rù yẹn wà níhìn-ín náà. Nígbà tí ọmọ wọn kú, ẹnì kan nínú àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá sí jẹ́lé-ó-sinmi gbé ọmọ tirẹ̀ lọ síbòmíràn. Òun náà ò sọ ìdí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ní ọjọ́ Sátidé kan èjẹ́ńtì náà dé ilé wa pẹ̀lú obìnrin Ayọ̀bọ̀ náà. Ó ní ìdílé yẹn ti ń retí rẹ̀, àmọ́ ìyá àgbà ń ráhùn pé òun ò gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń sọ. Ó ní kí n kọ́ ọ díẹ̀ kó tó lọ. Ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà láìtijú, ó ń pè mí ní Tíṣà. Mo ti ní èsì tó le lẹ́nu fún un. Àǹtí mi ló dá mi dúró.

"Kọ́ ọ."

"Àǹtí, ẹ wò ó—"

"Ọmọ oṣù márùn-ún ló fẹ́ lọ gbé. Ṣé kó máa fún un ní mílíìkì láìmọ iye ni? Kọ́ ọ, jàre."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀dọ́ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, kò sì mọ nǹkan kan. Mo rí i pé kò mọ̀. Èjẹ́ńtì ò sọ fún un ẹni tó kọ́kọ́ jókòó níwájú fóònù yẹn. Ó jókòó sórí àga, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáá. Àǹtí mi gbé abọ́ ẹ̀wà, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti kaç. Mo ní kó ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín. Nígbà tó dé orí ọmọ, ó ní kaç çocuklar, ó fi àmì ọ̀pọ̀ kún un bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó la ẹnu, ohùn kan ti ọ̀dọ̀ kíṣìnnì wá.

"Çocuk. Wọn kì í fi nǹkan kan kún un."

Inú obìnrin náà dùn. "Háà, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, mà? Ẹ ṣeun mà. Ẹ jẹ́ kí n fi yín dánra wò." Ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga, ó kọjú sí wọn, ó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, láìṣàṣìṣe kankan. Kaç çocuğunuz var?

Mo dìde. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo kàn dìde ni. Ọwọ́ àǹtí mi ò dúró nínú ẹ̀wà.

"Üç."

Obìnrin náà ń rántí ohun tó kàn, ó ń kà á lórí ìka. "Kaç... kaç yaşındalar?"

"Yirmi," ni àǹtí mi wí. "On üç. Yedi."

Ogún, mẹ́tàlá, méje. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ níbi tí mo dúró sí, mo fi ọdún mẹ́rin tí ọmọ náà ti lọ kún mẹ́rìndínlógún tó jẹ́ nígbà náà. Ó pé. Wọ́n ti ń fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́dọọdún.

"Ẹ ti ní àgbà nílé, mà," ni obìnrin náà wí. "Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa."

"Àmín," ni àǹtí mi wí. Wọ́n ju òkúta kan síta láti ojú fèrèsé.

Mo jókòó padà. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìyẹn, kí a lọ sórí mílíìkì.